Ṣé kí n gbé àga gbọọrọ màmá mi kúrò ni? (Ilé oúnjẹ àdúgbò, Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀)

Ọmọ_Olóúnjẹ | Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti màmá mi, mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i kó tó di ariwo.

Màmá mi ń ta oúnjẹ níwájú ilé wa ní Wàndó, kò jìnnà sí ọjà. Bí mo ṣe gbọ́njú ni mo bá a lẹ́nu ẹ̀. Láàárọ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà. Lọ́sàn-án, ìrẹsì òun ẹ̀wà, ọkà pẹ̀lú ọ̀ọ̀yọ́ àti ẹja tí àwọn ará Aguégués ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá. Àmíwò, ọkà pupa tí a fi tòmátò rò, ń bẹ lọ́jọ́ Ẹtì, bí ẹ kò bá sì dé kí aago kan tó lù, ìkòkò òfìfo lẹ máa bá. Kò sí pátákó, kò sí orúkọ. "Ọ̀dọ̀ Màmá" ni wọ́n ń pè é. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀ àti àga gbọọrọ méjì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Èèyàn mẹ́wàá ló ń gbà. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, méjìlá.

Èésú ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mí. Mo fẹ́ fi owó náà tún ibẹ̀ ṣe: kí n lẹ káró (táìsì) sílẹ̀, kí n ra fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, kí n kọ iye oúnjẹ sára ògiri, kí n sì gbé àwọn àga gbọọrọ yẹn jùnù, kí n fi tábìlì kéékèèké mẹ́rin pẹ̀lú àga oníke rọ́pò wọn. Màmá gba káró. Ó gba fáànù. Nígbà tó kan àga gbọọrọ, ó ní: "Bí o bá ti ń gbé e jáde, kí o gbé èmi náà tẹ̀ lé e."

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun níta, kí ló ń mú yín padà sí ojú kan náà? Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Owó ni mo fẹ́ ná, kì í ṣe eré.

Ará_Kútọnù229 | Ọjọ́ Ajé, 8:20 àárọ̀

Gbé e kúrò, ọ̀rẹ́ mi. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni mo ní lọ́sàn-án láti fi jẹun. Mo fẹ́ jókòó síbi tí n kò ti ní máa fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ẹlòmíì. Kò wù mí kí baba kan tí n kò mọ̀ rí máa bi mí bóyá mo ti gbéyàwó nígbà tí òkèlè ṣì wà lẹ́nu mi.

Iye owó ńkọ́? Kọ ọ́, kọ ọ́ gàdàgbà! Ibì kan wà tí mo ń jẹun tẹ́lẹ̀ ní Kútọnù níbí, tí oúnjẹ kan náà jẹ́ fáráǹsì 600 lónìí, tó di 800 lọ́la. Nígbà tó yá ni mo rí i pé aṣọ ọrùn mi ni ìyá náà ń wò kó tó dá iye lé e.

Ìyá_Ìbejì_Kétu | Ọjọ́ Ajé, 8:31 àárọ̀

Àbúrò Kútọnù, ṣé o ti gbéyàwó?

Ará_Kútọnù229 | Ọjọ́ Ajé, 8:33 àárọ̀

Ẹ ò rí i!

Awakọ̀_Ṣábẹ̀ẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 12:47 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ń wà, Kútọnù sí Parakú, ọdún kẹtàdínlógún mi rèé lójú títì. Ẹni tó bá ń wakọ̀ báyìí, ikùn rẹ̀ ló mọ ọ̀nà jù ú lọ.

Nílé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn ibi ìjẹun tó mọ́ tónítóní wà lẹ́bàá títì, níbi tí ọkọ̀ èrò ńláńlá ń dúró sí. Èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọn á sanwó, wọn á jẹ, wọn á tún gun ọkọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kan. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èmi máa ń yà kúrò lójú títì díẹ̀, lọ sábẹ́ igi máńgòrò kan tí èèyàn ti ń wo òkè Ṣábẹ̀ẹ́ gan-an níwájú. Kí n tó pa ẹ́ńjìnnì ni mo ti ń gbọ́ odó. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló ń gún un, ọmọ odó mẹ́ta nínú odó kan ṣoṣo, kò sí èyí tó ń kan èkejì: kí-kí-kí, kí-kí-kí. Odó yẹn ni pátákó wọn. Bí o bá dé tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tètè máa bá tìrẹ lọ, iyán ti tán.

Tí iṣu tuntun bá dé, láti oṣù keje lọ, Lábokò nìkan ni ìyá yìí ń gún. Lábokò ni ọba iṣu lọ́dọ̀ wa, kò ní kókó, ó máa ń fà bí ọwọ́ bá kàn án. Ọjọ́ tí kò bá sí, á ti sọ fún ẹ kó o tó jókòó pé: "Tòní kì í ṣe Lábokò o, mo ti yọ 50 kúrò." Kòkòrò ní tirẹ̀, iṣu èlùbọ́ ni, bó o sunkún bó ò sunkún, kò ní gún un fún ẹ. Wàrà tó ń kó sọ́bẹ̀ ń ti ọwọ́ àwọn obìnrin Fúlàní wá, èyí tí wọ́n fi oje bọmubọmu mú kó dì, tí wọ́n fi pòròporò ọkà bàbà pa láró pupa.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, táyà mi bẹ́ lẹ́yìn Dàsá. Aago mẹ́wàá kọjá kí n tó dé Ṣábẹ̀ẹ́. Ìyá ti fọ ìkòkò, ó ti da odó dé. Mo ní kí n kàn bu omi mu. Ó wọlé, ó gbé abọ́ kan jáde tó fi abọ́ mìíràn dé, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú wàrà méjì. Ó ní: "Mo rí ẹ láàárọ̀ tí ò ń sọ̀ lọ sí Kútọnù, o ò yà. Mo mọ̀ pé wàá bọ̀." Iyán kò sí mọ́, ó bu gàrí fún mi, mo fi tẹ ẹ̀bà. N kò tíì jẹ ẹ̀bà tó dùn tó yẹn láyé mi.

Bọ̀dá Wàndó, ìwọ ń bi wá nípa àga. Èmi kò rántí irú àga tó wà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Bóyá òkúta ni.

Ọmọ_Àgùdà | Ọjọ́ Ajé, 3:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará, mo máa ń mú àlejò rìn kiri Àjàṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ya fótò ni mọ́ṣáláṣí ńlá, èyí tí àwọn Àgùdà Mùsùlùmí, àwọn tí ìran wọn ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà, kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá yà á tán, ebi ti dé nìyẹn. Tí mo bá fẹ́ ibi tí kò ní kó ìtìjú bá mi, Sòǹgáì, ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, ni mo ń kó wọn lọ, ní Wàndó kan náà, èyí tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ohun tí wọ́n gbìn tí wọ́n sì sìn níbẹ̀ ni wọ́n ń sè, ibẹ̀ mọ́, oúnjẹ wọn dára.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́: kò sí àlejò kan tó padà sí ìlú rẹ̀ tó kọ̀wé sí mi nípa ibi tí káró wà. Ọ̀kan tó wá láti Bùràsíìlì ṣì ń bi mí nípa ìyá kan tó bá a wá ìjókòó láàárín àwọn ọlọ́zẹ́mìjàn (ọlọ́kadà) méjì, tó ní "ẹ sún fún ọmọ wa." Kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Ègùn. Ó gbọ́ yẹn. Àwa tí a dàgbà sídìí ìkòkò fẹ̀jọ́ádà, ẹ̀wà ẹlẹ́ran àwa Àgùdà, lọ́jọ́ Àìkú mọ̀ ọ́n: a kì í bu ìkòkò yẹn fún ẹnì kan ṣoṣo.

Pátákó nìkan ni mo bẹ̀ yín fún. Mo ti sọnù lẹ́ẹ̀mejì níbi tí mo ti ń wá "ọ̀dọ̀ Màmá." Màmá mélòó ló wà ní Wàndó?

Alàgbà_Àjàṣẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń kà á, ojú ló ń dùn mí ni n kò ṣe tètè dáhùn.

January 1994, ẹ̀yin kan ò tíì délé ayé. Lóru ọjọ́ kan ni wọ́n sọ owó wa di ìdajì. Fáráǹsì 50 ni à ń kó fún fáráǹsì kan ti Faransé kó tó dìgbà yẹn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó di 100. Ìrẹsì tó ń ti òkè òkun bọ̀ fò sókè, òróró fò, ìyẹ̀fun búrẹ́dì fò. Ìyá kan wà tí a ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, àwa òṣìṣẹ́ bíi mẹ́jọ. Àwọn mìíràn fi kún owó, wọ́n sì tún dín oúnjẹ kù ní kọ̀rọ̀, wọ́n lérò pé a kò mọ̀. Ìyá tiwa ra ìgbákọ tuntun. Ó gbé ti àtijọ́ àti tuntun sókè níwájú wa, ó fi wọ́n wéra. Ó ní: "Ẹ wò ó dáadáa. Eléyìí kéré. Owó ò yí. Tí ayé bá dára, màá padà sí ti tẹ́lẹ̀." A rẹ́rìn-ín, a jẹun. Kò sẹ́ni tó bá ibòmíì lọ.

Ó tún mú ìgbákọ àtijọ́ náà jáde lóòótọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì. Ó ti gbé e kọ́ sára ògiri láti ọjọ́ yẹn.

Níbi tí mo ti ń jẹun báyìí, olóúnjẹ náà mọ̀ pé eyín mi ti ń lọ. Á yọ egungun ẹja kúrò kó tó gbé abọ́ fún mi. Kò sọ ọ́ síta rí. Ó pẹ́ kí èmi fúnra mi tó fura.

Ará_Kútọnù229 | Ọjọ́ Ajé, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ti ìgbákọ yẹn wọ̀ mí lára, n kò lè jiyàn.

Àmọ́ gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọ̀yàyà, ọ̀yàyà. Ọ̀yàyà kì í lé eṣinṣin. Ta ló ń fọ abọ́? Omi mélòó ni wọ́n fi ń ṣàn án? Níbo ni mo ti máa fọwọ́ kí n tó fi jẹ ọkà? Ike omi kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń ki ọwọ́ bọ̀ ni mo máa ń bá. Láti ọjọ́ tí mo ti ra inú rírun lọ́wọ́ ẹnì kan tó máa ń pè mí ní "ọkọ mi," mi ò tún jẹ́ kí ẹ̀rín tàn mí mọ́.

Ìyá_Ìbejì_Kétu | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:48 àárọ̀

Mo dáná tán, ẹ̀kọ ń tutù, mo ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Olóúnjẹ ni èmi náà, ní Kétu, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìlárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí.

Àbúrò Kútọnù, òótọ́ lo sọ, mo gbè ẹ́. Ike mẹ́ta ni mo fi ń fọ abọ́, ti ọṣẹ, ti omi ìṣan àkọ́kọ́, ti omi ìṣanparí, mo sì ń da ìkẹta nù kó tó yí àwọ̀. Ọwọ́ kì í wọ inú omi ìfọwọ́. Ẹ̀rọ omi tó ní rọ̀bìnẹ́ ni mo fi sí ẹnu ọ̀nà, ọṣẹ so mọ́ ọn. Ìyẹn ló yẹ kí èésú bọ̀dá Wàndó kọ́kọ́ bọ́ sí. Lẹ́yìn náà, àpótí onígíláàsì tí àkàrà máa wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ti de ọ̀rá ní ìparí 2017, ewé ni mo padà sí fún ẹni tó bá ń gbé tirẹ̀ lọ sílé, àwọn àgbàlagbà sì ní ẹ̀kọ inú ewé ti ní òórùn ẹ̀kọ padà.

Ti tábìlì wá ńkọ́. Èmi ti ṣe ohun tó o fẹ́ ṣe yìí. Mo ra tábìlì mẹ́rin, àga mẹ́rin mẹ́rin. Mo ṣírò rẹ̀: èèyàn mẹ́rìndínlógún, mo ti jèrè nìyẹn. Kí ni mo rí? Ẹnì kan á wọlé, á jókòó ti tábìlì kan, á kó fìlà àti fóònù rẹ̀ lé e. Ẹni kejì á wo ibẹ̀, á lọ jókòó ti òmíràn. Bí ẹni mẹ́rin bá ti jókòó, ilé ti kún! Ẹni karùn-ún á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní "Màmá, màá padà wá," kò ní padà. Lórí àga gbọọrọ, "ẹ sún díẹ̀" ló kù. Kò sẹ́ni tó ń sọ "ẹ sún díẹ̀" fún ẹni tó jókòó sórí àga oníke.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbà á mọ́ra. Mo ta tábìlì náà fún ẹni tó ń yá èèyàn ní àga òde.

Ọ̀rọ̀ kan kù. August 2019 tí Nàìjíríà ti ẹnubodè, oníbàárà tó ju ìdajì lọ ni mo pàdánù, torí àwọn tó ń kọjá sí Ìlárá ló ń jẹun lọ́dọ̀ mi. Títí di December 2020. Àwọn tó kù ni àwọn ará àdúgbò: àwọn tíṣà méjì, télọ̀, àwọn ọlọ́zẹ́mìjàn. Ọwọ́ tiwọn náà há. Àwìn ni wọ́n ń jẹ, mo ń fi ẹfun sàmì sára ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà kún tó fi di pé ọmọ mi ní kí n ra ìwé. Gbogbo wọn san án. Ẹnì kan ló kú tòun ti gbèsè 1,400, ìyàwó rẹ̀ mú un wá lọ́jọ́ kẹrìnlélógójì tó kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ ti tutù, wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn.

Ọmọ_Parísì_Àjàṣẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:10 alẹ́

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò kí n tó délé. Mo débi ìyá tí mo ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́. N kò tíì lanu. Ó wò mí, ó ní: "Ìwọ tó kórìíra àlùbọ́sà." Ó fi ìgbákọ ṣa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ti ń jẹ àlùbọ́sà báyìí o. N kò sọ fún un.

Ọmọ_Olóúnjẹ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:25 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin òbí mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Orí kunkun ni mí, mo ní kí n fojú ara mi rí i. Ní Ọjọ́rú, Màmá lọ sí ìsìnkú ní Ajára, ó fi èmi àti àbúrò mi obìnrin sídìí oúnjẹ. Mo yá tábìlì mẹ́ta àti àga oníke lọ́wọ́ aládùúgbò, mo gbé àga gbọọrọ sẹ́yìn ilé. Ọlọ́zẹ́mìjàn tó kọ́kọ́ dé kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó wo tábìlì, ó wo àga, ó bọ́ fìlà. Ó ní: "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó jókòó, àmọ́ kò fọkàn balẹ̀.

Bàbá télọ̀ tó máa ń jẹun pẹ̀lú tíṣà kan lójoojúmọ́ dé, ó dá jókòó. Tíṣà náà dé, mo ní kó lọ bá bàbá, ó ní kò sí wàhálà, ó lọ sí tábìlì tirẹ̀, ó gbé fóònù síwájú. Mo mọ àwọn méjèèjì yìí láti ìgbà tí mo wà ní kékeré: wọn kì í dákẹ́. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ọ̀rọ̀ aṣọ tí bàbá kò rán tán ni. Lọ́jọ́ yẹn, ìró ṣíbí ni mo ń gbọ́. Bàbá jẹ ọkà kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Bàbá tó máa ń béèrè fún ẹ̀kẹta!

Nígbà tí aago mẹ́rin fi máa lù, mo ti gbé àga gbọọrọ padà. Mo sọ fún àbúrò mi pé kó pa ẹnu mọ́. Màmá dé lálẹ́, kò tíì bọ́ bàtà, ó ní: "Wọ́n ní òkú kú nílé mi lónìí."

Torí náà, bí nǹkan ṣe wà nìyí. Rọ̀bìnẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Àǹtí Kétu, ẹ ṣeun. Káró ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àgùdà, mo kọ "Ọ̀dọ̀ Màmá, Wàndó" sára pátákó kékeré kan, Màmá ní lẹ́tà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Tẹlifíṣọ̀n, mo ti gbàgbé ẹ̀. Iye oúnjẹ wà lára ògiri, ọ̀rẹ́ mi ará Kútọnù, 300 fún ìrẹsì òun ẹ̀wà láìsí ẹja, bó o wọ kóòtù bó o wọ ṣòkòtò penpe. Màmá fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ "Kò sí àwìn" sábẹ́ rẹ̀ ní pupa. Kí kíkùn náà tó gbẹ, ó ti bu oúnjẹ àwìn fún ẹni méjì, ó tún fi èènì ẹ̀wà lé ti ọ̀kan. Mo nàka sí ògiri. Ó ní òun kò mọ̀wé.

Ará_Kútọnù229 | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:41 alẹ́

Mo ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì torí àmíwò. Ẹ sọ fún bàbá télọ̀ pé n kò tíì gbéyàwó, kí ó má wulẹ̀ béèrè.

Ìyá_Ìbejì_Kétu | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:44 alẹ́

Mo mọ ọmọ kan ní Kétu níbí.

Ọmọ_Olóúnjẹ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, mo fẹ́ gbàgbé. Nígbà tí ẹ já iṣu sọ́jà Wàndó ní Ọjọ́bọ̀, tí ẹ yà wá kí wa, Màmá ní ẹ ṣì jẹ òun ní 300. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí kí gbogbo ayé lè rí i.

Awakọ̀_Ṣábẹ̀ẹ́ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:20 alẹ́

Mo ń bọ̀ ní Ìṣẹ́gun. Kí wọ́n fi orí ẹja sílẹ̀ fún mi.